Ìlú ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló ṣì lè dé ọ̀dọ̀ ta?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ní Benin ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń kàwé. Olùkọ́ wa gbé iṣẹ́ kan fún wa. Ìlú 200,000 ló wà nínú fáìlì, ọ̀nà 300,000 ló so wọ́n pọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ 200,000 ló sì tẹ̀ lé e. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan lè sọ pé ìlú báyìí ti kúrò, kò sẹ́ni tó lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Òmíràn lè bèèrè bóyá a ṣì lè ti ìlú kan dé òmíràn. Tí ìbéèrè bá ti dé, ńṣe ni ètò kọ̀ǹpútà mi á bẹ̀rẹ̀ láti ìlú àkọ́kọ́, á máa wá ìkejì kiri. Tí ìlú bá jẹ́ ogún, ó ń lọ dáadáa. Àmọ́ lórí fáìlì ńlá yìí, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ jẹun, mo padà dé, kò tíì parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo union-find, ọgbọ́n tó ń tọ́jú àwọn ìlú tó so pọ̀ ní agboagbo. Mo lò ó, ṣùgbọ́n mi ò rí bí mo ṣe máa yọ ìlú kúrò nínú rẹ̀. Èdè kọ̀ǹpútà Python ni mo fi ń kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ iye ìlú, iye ọ̀nà àti iye ìṣẹ̀lẹ̀ sínú ìbéèrè rẹ. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé sí mi kàn máa ń sọ pé "ètò mi ń falẹ̀" ni, wọ́n á wá fẹ́ kí n wo ìyókù nínú ọpọ́n.

Kí n tó dé orí union-find, ohun kan wà tó yẹ kó o bi ara rẹ. Ṣé gbogbo àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ kó o tó dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, àbí ńṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gba èsì kí wọ́n tó sọ òmíràn? Bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀, fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n kó fún yín, ohun gbogbo sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tú. Má yọ ìlú kankan kúrò. Lọ sí ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ náà, máa kà á bọ̀ wá sókè, kó o sì máa dá àwọn ìlú padà sí àyè wọn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ètò rẹ fi ń pẹ́. Tó o bá ń wá ìlú kan láti inú òmíràn, ó lè di dandan kó o dé gbogbo ìlú, kó o sì wo ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ọ̀nà ní orí méjì. Ìlú 200,000 àti orí ọ̀nà 600,000, ìgbésẹ̀ 800,000 nìyẹn lórí ìbéèrè kan. Ká ní ìdajì ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ ló jẹ́ ìbéèrè, ìyẹn 100,000, àpapọ̀ rẹ̀ á di bílíọ̀nù 80. Python tó bá ṣe mílíọ̀nù 10 irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ti gbìyànjú, síbẹ̀ á lo ìṣẹ́jú-àáyá 8,000. Ó ju wákàtí méjì lọ. Oúnjẹ tó o lọ jẹ kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tó o bá tún un kọ ní C++, èdè kọ̀ǹpútà tó yá ju Python lọ, á yá sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye ìgbésẹ̀ kò yí padà. Fáìlì tó bá tóbi ju èyí lọ á tún dá ọ dúró níbẹ̀ náà ni.

Ká sọ òótọ́ o: tó bá jẹ́ pé àwọn abúlé agbègbè Kétu nìkan lo fẹ́ fi ṣe é, bí ọgọ́rùn-ún tàbí igba, mi ò ní sọ pé kó o yí ohunkóhun padà. Èyí tó o kọ yẹn ti tó, ó rọrùn láti kà, àṣìṣe rẹ̀ kì í sì í fara pa mọ́. Ọ̀gọ̀rọ̀ èèyàn ló ń fi ọgbọ́n ńlá ṣe iṣẹ́ kékeré. Iṣẹ́ tìrẹ kì í ṣe kékeré ni mo ṣe ń bá a lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò ṣì ọ́ lọ́nà, ìdajì ọ̀rọ̀ ló kàn sọ. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Bernard Galler àti Michael Fischer ló kọ nípa union-find ní 1964, ohun tó sì ń ṣe kò ju pé kó mọ ẹni tó wà nínú agbo kan náà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ìlú kan. O máa tẹ̀ lé ìtọ́ka yẹn lọ títí wàá fi dé ìlú tó ń tọ́ka sí ara rẹ̀; ìyẹn ni olórí agbo. Ó dà bí ìgbà tó o dé agbo ilé kan tó o ń bèèrè baálé: ọmọ ní kó o lọ bá bàbá òun, bàbá ní kó o lọ bá ẹ̀gbọ́n òun, títí wàá fi bá ẹni tí kò ní sọ pé kó o lọ bá ẹlòmíràn. Tí ìlú méjì bá ní olórí kan náà, wọ́n lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Tí ọ̀nà tuntun bá so agbo méjì pọ̀, olórí agbo tó kéré á máa tọ́ka sí olórí agbo tó pọ̀. Tó o bá tún ń ké ọ̀nà ìtọ́ka kúrú bó o ṣe ń kọjá lórí rẹ̀, Robert Tarjan ti fi hàn ní 1975 pé ohun tí ìwákiri kọ̀ọ̀kan ń ná ọ, tá a bá pín gbogbo iṣẹ́ náà kárí, ń rìn pẹ̀lú nọ́ńbà kan tí kì í ju 4 lọ fún iye ìlú èyíkéyìí tí kọ̀ǹpútà lè gbà. Ká kúkú sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Wàyí o, kí ló dé tí kò fi ṣeé yọ? Ká ní Àjàṣẹ́, Sakété, Pọbẹ̀ àti Kétu wà nínú agbo kan, tí Àjàṣẹ́ sì jẹ́ olórí wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ dé, ó ní Pọbẹ̀ ti kúrò. Kétu ṣì ń tọ́ka sí Àjàṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni ìtọ́ka yẹn ń sọ? Tí ọ̀nà míì bá wà tó gba Ṣábẹ yí ká, òótọ́ ni. Tí kò bá sí, irọ́ ni. Àtẹ ìtọ́ka náà kò sì lè sọ fún ọ, torí pé nígbà tó ń da àwọn agbo pọ̀, kò tọ́jú ọ̀nà tó dà wọ́n pọ̀. Ohun tó gbàgbé yẹn gan-an ló jẹ́ kó yá. Mo ti rí àwọn tó kàn ń jẹ́ kí ìlú tó kúrò máa tọ́ka sí ara rẹ̀, tí wọ́n rò pé ó tán. Kò tán. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan nípa Kétu, tó bá sì jẹ́ ìlú tó kúrò yẹn ni olórí tẹ́lẹ̀, gbogbo agbo á ṣì máa tọ́ka sí i. Òkú á wá jẹ́ olórí àwọn alààyè.

Nítorí náà ni a ṣe ń kà á sẹ́yìn. Wo àlàfo tó wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìlú tó wà lórí àwòrán ìlú àti ọ̀nà ní àlàfo yẹn kò sinmi lé bóyá òkè lo ti ń bọ̀ tàbí ìsàlẹ̀. Tó o bá ti òkè bọ̀, ìlú ń kúrò. Tó o bá ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ìlú kan náà yẹn ń padà wọlé. Ìpadàwọlé ni union-find mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdáhùn tó o rí sí ìbéèrè kan á sì bára mu ní ọ̀nà méjèèjì, nítorí àwòrán kan náà ni wọ́n bi ọ́ lé lórí.

Mo fẹ́ kó o rí i lójú. Mo ya àwòrán kékeré kan pẹ̀lú orúkọ tó o mọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yà á, mo sì fi ọ̀pọ̀ ìlú àti ọ̀nà sílẹ̀, torí náà má fi júwe ọ̀nà fún oní-zémíjàn (ọlọ́kadà) kankan. Ohun tí wọ́n ń fi èdè Faransé pè ní sommet ní kíláàsì yín ni mò ń pè ní ìlú, arête sì ni ọ̀nà. Àwọn ọ̀nà náà nìyí: Kútọnu sí Àjàṣẹ́, Àjàṣẹ́ sí Sakété, Sakété sí Pọbẹ̀, Pọbẹ̀ sí Kétu, Kétu sí Ìlárá, Kétu sí Ṣábẹ, Ṣábẹ sí Ìdáàṣà, Ìdáàṣà sí Kútọnu. Ìlú mẹ́jọ, ọ̀nà mẹ́jọ. Méje nínú àwọn ìlú náà dì mọ́ra wọn ní òbìrìkítí. Ìlárá nìkan ló rọ̀ mọ́ Kétu lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀:

1. Pọbẹ̀ kúrò.
2. Ṣé Àjàṣẹ́ lè dé Kétu?
3. Ìdáàṣà kúrò.
4. Ṣé Àjàṣẹ́ lè dé Kétu?
5. Ṣé Kétu lè dé Ṣábẹ?
6. Kétu kúrò.
7. Ṣé Ṣábẹ lè dé Ìlárá?

Kó o tó ka ohunkóhun sẹ́yìn, yọ gbogbo ìlú tí orúkọ wọn wà nínú "kúrò" kúrò lórí àwòrán. Ó ku Kútọnu, Àjàṣẹ́, Sakété, Ṣábẹ àti Ìlárá. Ọ̀nà tí orí rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ kò ju méjì lọ: Kútọnu sí Àjàṣẹ́, Àjàṣẹ́ sí Sakété. So wọ́n. Agbo mẹ́ta lo ní báyìí: Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Sakété pa pọ̀, Ṣábẹ lóun nìkan, Ìlárá lóun nìkan.

Ìṣẹ̀lẹ̀ 7: Ṣábẹ àti Ìlárá kò sí nínú agbo kan náà. Rárá. Ìṣẹ̀lẹ̀ 6: Kétu padà wọlé. Wo àwọn tó múlé gbè é. Pọbẹ̀ kò tíì dé, fi í sílẹ̀. Ìlárá wà níbẹ̀, so ó mọ́ Kétu. Ṣábẹ wà níbẹ̀, so òun náà. Agbo Kétu ti di mẹ́ta. Ìṣẹ̀lẹ̀ 5: Kétu àti Ṣábẹ? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìṣẹ̀lẹ̀ 4: Àjàṣẹ́ àti Kétu? Rárá, agbo wọn yàtọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ 3: Ìdáàṣà padà wọlé. Ṣábẹ wà níbẹ̀, Kútọnu náà wà níbẹ̀, ó so méjèèjì, agbo méjì di ọ̀kan. Ìṣẹ̀lẹ̀ 2: Àjàṣẹ́ àti Kétu? Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà Kútọnu àti Ìdáàṣà ló gbà, ó yí ká. Ìṣẹ̀lẹ̀ 1: Pọbẹ̀ padà wọlé, ó parí.

Èsì tó jáde sí ọ lọ́wọ́ ni rárá, bẹ́ẹ̀ ni, rárá, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó o máa tẹ̀ jáde ni bẹ́ẹ̀ ni, rárá, bẹ́ẹ̀ ni, rárá. Má gbàgbé láti yí i padà. Kọ èsì kọ̀ọ̀kan sí àyè nọ́ńbà ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀, má kàn máa tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe ń wá.

Nínú Python, bó ṣe máa rí nìyí:

```
def wa(x):
    while olori[x] != x:
        olori[x] = olori[olori[x]]
        x = olori[x]
    return x

def so(x, y):
    x, y = wa(x), wa(y)
    if x == y:
        return
    if iye[x] < iye[y]:
        x, y = y, x
    olori[y] = x
    iye[x] += iye[y]

kuro = [-1] * n
for i in range(q):
    if iru[i] == 'K' and kuro[a[i]] == -1:
        kuro[a[i]] = i

wanbe = [kuro[x] == -1 for x in range(n)]
for x, y in ona:
    if wanbe[x] and wanbe[y]:
        so(x, y)

for i in range(q - 1, -1, -1):
    x = a[i]
    if iru[i] == 'K':
        if kuro[x] == i:
            wanbe[x] = True
            for y in aladugbo[x]:
                if wanbe[y]:
                    so(x, y)
    else:
        y = b[i]
        idahun[i] = wanbe[x] and wanbe[y] and wa(x) == wa(y)
```

Ní ìbẹ̀rẹ̀, olori[x] jẹ́ x, iye[x] sì jẹ́ 1 fún gbogbo ìlú. 'K' ni ìṣẹ̀lẹ̀ ìkúrò. n ni iye ìlú, q ni iye ìṣẹ̀lẹ̀, ona ni àkójọ ọ̀nà; iru[i] ni irú ìṣẹ̀lẹ̀ i, a[i] àti b[i] sì ni ìlú tó dárúkọ. aladugbo[x] ni àwọn ìlú tí ọ̀nà so mọ́ x, wanbe[x] ń sọ bóyá x ṣì wà lórí àwòrán, idahun sì ni àyè èsì.

Ṣírò rẹ̀ wò. Ọ̀nà 300,000, ìsopọ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwákiri olórí méjì fún ìsopọ̀ kan, ìyẹn 600,000. Ìbéèrè 100,000, ìwákiri méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 200,000. Àpapọ̀ rẹ̀ 800,000. Ìwákiri kọ̀ọ̀kan lè gba ìgbésẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé o rí i? Ohun tí ìbéèrè kan ṣoṣo ń ná ọ tẹ́lẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún gbogbo fáìlì báyìí. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló máa gbà.

Àwọn ibi tó ti máa ń dà rú ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà jù.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kéèyàn so gbogbo ọ̀nà pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó wá máa fi wanbe ṣe ìdènà nígbà ìbéèrè nìkan. Kétu lè ti kúrò, àmọ́ bó o bá ti so Ìlárá mọ́ Kétu, tó o sì so Kétu mọ́ Ṣábẹ, Ìlárá àti Ṣábẹ ti di ọmọ agbo kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè 7 á gba bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ò sì tọ̀nà. Ọ̀nà tí orí rẹ̀ kan kò bá sí níbẹ̀ kò tíì di ọ̀nà.

Ìkejì ni ìlú tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀mejì. Inú fáìlì ńlá, ó ṣeé ṣe kí ìṣẹ̀lẹ̀ 40 sọ pé Kétu kúrò, kí ìṣẹ̀lẹ̀ 900 tún sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kà á láti òkè kò ní rí wàhálà kankan, ẹni tó ti kúrò ti kúrò. Ìwọ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, 900 ni wàá kọ́kọ́ pàdé. Tó o bá dá Kétu padà níbẹ̀, gbogbo ìbéèrè tó wà láàárín 40 àti 900 á rò pé Kétu wà nílé. Ìdí tí mo fi kọ kuro nìyẹn: ó ń tọ́jú ìkúrò àkọ́kọ́ nìkan, èyí tó kù kò já mọ́ nǹkan. Irú àṣìṣe yìí kì í hàn lórí àpẹẹrẹ kékeré tí olùkọ́ kọ sí ojú ìwé iṣẹ́. Inú fáìlì ìdánwò ló máa ń lúgọ sí.

Ìkẹta kéré, àmọ́ ó ń gba máàkì lọ́wọ́ èèyàn: tí wọ́n bá bèèrè bóyá Kétu lè dé Kétu lẹ́yìn tó ti kúrò ńkọ́? Láìsí wanbe, olórí rẹ̀ bá ara rẹ̀ mu, ètò á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ka ohun tí olùkọ́ yín kọ dáadáa, bóyá ó fẹ́ rárá.

Ti Python fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Má kọ wa(x) lọ́nà tó fi ń pe ara rẹ̀. Python kì í jẹ́ kí ètò pe ara rẹ̀ jìn ju bí 1,000 lọ àyàfi tó o bá yí i padà, iṣẹ́ ọ̀hún á sì já lójijì láàárín ọ̀nà. Lóòótọ́, tó o bá ń fi agbo kékeré sábẹ́ ńlá, ìtọ́ka kò lè jìn ju 17 lọ fún ìlú 200,000. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé apá yẹn. Tún fi sys.stdin ka fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan náà, má fi input() kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Tí olùkọ́ yín bá fẹ́ mọ iye agbo tó wà lẹ́yìn ìkúrò kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kan náà ni. Ìlú tó bá padà wọlé, fi 1 kún un. Ìsopọ̀ tó bá da agbo méjì pọ̀ ní tòótọ́, yọ 1 kúrò. Agbo tó tóbi jù náà wà nínú iye.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún gbé ìdajì kejì fún yín ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: kí o dáhùn lójú ẹsẹ̀, láìmọ ohun tó ń bọ̀. Níbẹ̀, ìkàsẹ́yìn kò wúlò mọ́, nítorí kò sí ìsàlẹ̀ tó o lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Tí àwòrán náà bá jẹ́ igi, ìyẹn ni pé kò sí òbìrìkítí kankan nínú rẹ̀, Yossi Shiloach àti Shimon Even fi ọgbọ́n kan hàn ní 1981 tí mo fẹ́ràn gan-an. Fún agbo kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan. Tí ọ̀nà kan bá já, bẹ̀rẹ̀ ìwákiri láti orí rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n máa gbé ìgbésẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ẹ̀gbẹ́ tó bá kọ́kọ́ tán ni kékeré. Dúró lójú ẹsẹ̀, fún ẹ̀gbẹ́ kékeré yẹn ní nọ́ńbà tuntun, má fọwọ́ kan èyí tó tóbi. Ìlú tó bá gba nọ́ńbà tuntun ti wà nínú agbo tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ tàbí tó jẹ́ ìdajì rẹ̀ gan-an, nítorí náà kò sí ìlú tó lè gbà á ju ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún lọ nínú 200,000. Ìlú tó kúrò, ka ọ̀nà rẹ̀ sí èyí tó já lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí òbìrìkítí bá wà, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan já, o sì ní láti mọ̀ bóyá ọ̀nà míì wà tó lè rọ́pò rẹ̀. Jacob Holm, Kristian de Lichtenberg àti Mikkel Thorup tẹ ọ̀nà tó dára jáde ní 2001: wọ́n ń tọ́jú igi kan nínú àwòrán náà, wọ́n sì ń fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ipele tí kì í padà sẹ́yìn, kí wọ́n má bàa wo ọ̀nà kan náà láìmọye ìgbà. Ohun tí ìyípadà kọ̀ọ̀kan ń ná ọ, tá a bá pín in kárí, ń rìn pẹ̀lú log n tá a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ (log n ni iye ìgbà tó o lè pín iye ìlú sí méjì kó tó ku 1). Fún ìlú 200,000, bí 310 nìyẹn. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n kíkọ rẹ̀ gùn, mi ò sì ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kó o fi ṣe iṣẹ́ kíláàsì àfi tí wọ́n bá dìídì ní kó o ṣe é. Inú mi máa ń dùn pé nínú ọ̀rọ̀ tiwa, níbi tí ìlú kì í padà, ìlú tó ní ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kì í dáyà já ẹnikẹ́ni: ọ̀nà kọ̀ọ̀kan á kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpapọ̀ ikú kò lè ju 300,000 lọ.

Ìgbà tí ìlú bá lè kúrò, kó tún padà, kó tún kúrò, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Oríta ńlá kan tó ń tàn, tó ń kú, á máa fa gbogbo ọ̀nà rẹ̀ dání ní gbogbo ìgbà. Timothy Chan, Mihai Pătraşcu àti Liam Roditty fi hàn ní 2008 pé a lè ṣe ìyípadà kọ̀ọ̀kan ní bíi m^(2/3), àti ìbéèrè ní m^(1/3), níbi tí m ti jẹ́ iye ọ̀nà; m^(1/3) ni nọ́ńbà tó o fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di m, m^(2/3) sì ni nọ́ńbà yẹn tá a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Fún ọ̀nà 300,000, ó tó 4,500 àti 67, láìka àwọn ohun kéékèèké tó rọ̀ mọ́ ọn. Ó dára ju wíwá gbogbo àwòrán lọ, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ọ̀fẹ́ tá a rí lókè.

Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n kàn ń bèèrè "ká ní ìlú yìí nìkan ló kúrò ńkọ́?", tí wọ́n á dá a padà kí wọ́n tó bèèrè nípa òmíràn, iṣẹ́ míì pátápátá nìyẹn. John Hopcroft àti Tarjan fi hàn ní 1973 bí a ṣe ń wá gbogbo ìlú tí ìkúrò rẹ̀ ń ya àwọn yòókù nípa, pẹ̀lú ìrìn kan ṣoṣo lórí àwòrán. Nínú àwòrán tí mo yà fún ọ, Kétu nìkan ni irú ìlú bẹ́ẹ̀, nítorí Ìlárá. Èyíkéyìí nínú mẹ́fà tó kù lórí òbìrìkítí náà lè kúrò, àwọn yòókù á ṣì rí ara wọn.

Má pa ètò tó o ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Òun lo máa fi dán tuntun wò. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣẹ́ kèké ìlú mẹ́fà, ọ̀nà mẹ́jọ àti ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́wàá, kí ètò méjèèjì dáhùn, kó o fi èsì wọn wé ara wọn, kó o tún un ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Rí i dájú pé kèké yẹn lè yọ ìlú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó sì lè bèèrè ìlú kan mọ́ ara rẹ̀. Níbi tí èsì bá ti kọ́kọ́ yàtọ̀, tẹ àwòrán kékeré yẹn jáde, fi bírò àti bébà tẹ̀ lé e bí a ṣe tẹ̀ lé ti Kétu àti Ìdáàṣà lókè. Tó bá ń bára mu ṣáá, gbé fáìlì ńlá náà sí i, kó o sì jókòó tì í, torí kò ní jẹ́ kó o ráyè lọ jẹun.